Àmín tí Mo Ṣe Lórí Kẹ̀kẹ́ Raudah

                                                  Ẹ̀yìn Ilé-ẹ̀kọ́ Girama,
                                                  Òkè-Òyì,
                                                  Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                  Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Tahir, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ṣakí? Aishah ńkọ́? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ lọ́jọ́sí ti jinná, ṣé ó ti ń fi gún iyán? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn yín ti ń sọ̀rọ̀, pé ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ pè kó tó pe ìwọ bàbá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo gbọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n gbádùn lásìkò ọyẹ́ yìí? Bá mi fi òrí pa á fún wọn, kó o ní èmi ni mo ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Nusaybah ti ká eyín iwájú, ihò rẹ̀ ló sì ń fi súfèé kiri ilé. Ètè gbogbo wa ti là, eruku ti bo ìwé tí mo tò sórí pẹpẹ, Raudah ní bí mo bá fẹ́ kà wọ́n, kí n kọ́kọ́ gbin àgbàdo sórí wọn ná.

O mọ ìṣe mi. Kí n tó sùn, mo gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà sínú ìwé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sínú rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dáni lóhùn, òun ni mo ṣe gbé e tọ̀ ọ́ wá.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá rẹ ni, èyí tó o fi sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ ń kó ẹrù lọ sí Ṣakí, tó o ní kí n má jẹ́ kó di ohun tí adìyẹ ń sùn lé. Adìyẹ kò sùn lé e. Ewúrẹ́ ló sùn tì í. Bí mo ti ń kọ gbólóhùn yìí, ìríra ọ̀rọ̀ náà tún ń gòkè wá sọ́fun mi bí ẹni tó ṣèèṣì mu omi inú ìkòkò tí aláǹgbá kú sí.

Ó yẹ kó o rántí ọjọ́ tí wọ́n so yìgì èmi àti Raudah, torí ìwọ lo jókòó tì mí lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí wọ́n bèèrè ohun tó fẹ́ gbà ní sàdáàkì, tí gbogbo ilé ń retí Kùránì àti owó díẹ̀, ó ránṣẹ́ jáde láti inú yàrá pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni òun fẹ́. Ilé rọ́ fún ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alfa Àbdùlkàdírì, tí gbogbo agboolé wa ní Pákátà ń pè ní Bàbá Alfa, ló so yìgì náà. Òun gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó jọ pé ìyàwó yìí ti ń múra ọ̀nà àtisálọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéde rẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́rìí: kẹ̀kẹ́ kan, ó di ọrùn ọkọ. Gbogbo wa ṣe àmín. Ìwọ náà ṣe é, mo gbọ́ ohùn rẹ.

Àwọn èèyàn fi ṣe àwàdà, Raudah kò fi ṣe é. O mọ iṣẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń gbé kiri àwọn abà tó yí Òkè-Òyì ká, nínú kúlà aláwọ̀ búlúù tó máa ń há sí abíyá. Mọ́tò kì í dé ọ̀pọ̀ àwọn abà náà, ọ̀kadà ló ń gùn. Àwọn ọlọ́kadà kan á ní kó sún mọ́ àwọn dáadáa kó má baà jábọ́. Bí ó bá kọ̀, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ki eré bọ kòtò kó lè dì mọ́ wọn tipátipá. Ó máa ń délé, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, balùwẹ̀ ló ń gbà lọ. Ó gbọ́dọ̀ wẹ̀ kó tó lè jẹun. Ọdún ń gorí ọdún, mo ń rí i, mo sì ń sọ pé lẹ́yìn ìkórè, lẹ́yìn ìdánwò àwọn ọmọ, lẹ́yìn ààwẹ̀.

Nígbà tí mo wá gbára dì, kẹ̀kẹ́ tí mo rí nígboro kò bá a mu. Ti ọmọdé ni wọ́n, tàbí ti ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Raudah kúrú, jálàbíà ló sì ń wọ̀, pẹ̀lú híjáàbù tó ń dé orúnkún. Mo ní kí ló dé tí n kò ní fi ọwọ́ ara mi ṣe é? Bí mo bá sì ń ṣe tirẹ̀, kí ló dé tí n kò ní ṣe tèmi pẹ̀lú rẹ̀, kí a jọ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi tó bá wù wá? Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin lọ́wọ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo ka ohun tí mo lè kà, mo wo ohun tí mo lè wò lórí fóònù. Síbẹ̀, ihò ni mo kọ́kọ́ ń jó sára páìpù. Raudah wò ó, ó ní bí mo bá ń bá a lọ báyìí, fèrè ni yóò kẹ́yìn rẹ̀, a ó sì máa fọn ọ́n lọ sí abà.

Egungun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ ni mo lò fún tirẹ̀, torí irin ayé àtijọ́ ni, ó gbó ṣáṣá. Mo ní kí Raudah fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo fi téèpù àwọn aránṣọ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wọn apá rẹ̀, mo wọn bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè nà tó láìjẹ́ pé ó tẹ̀ síwájú. O mọ irin gbọọrọ tó máa ń wà láàárín ìjókòó àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọkùnrin. Mo gé e kúrò. Mo tẹ òmíràn kó rọ̀ wálẹ̀, mo jó o mọ́ ìsàlẹ̀ kí obìnrin lè gbé ẹsẹ̀ kọjá láìká aṣọ sókè. Mo fi agolo mílíìkì ńlá bo ṣéènì. Raudah fúnra rẹ̀ fi okùn hun àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì táyà ẹ̀yìn kí híjáàbù má baà wọnú sípóòkù. Mo ṣe pẹpẹ kan sẹ́yìn tó gba kúlà náà, kò fẹ̀ jù, kò há jù, bí ìbọ̀sẹ̀ sẹ́sẹ̀. Èmi dúdú ni mo kun tèmi. Ó kun tirẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, ó ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ níwájú tètè rí òun kó yà.

Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ. Ó ṣubú, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù, ó ní kí n má wo òun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yí pápá po láìsí ọwọ́ mi lẹ́yìn ìjókòó, kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń bọ̀ tààrà, ó gbàgbé pé búréèkì wà, ó sì fi táyà gbá mi lórúnkún. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tahir, n kò rò pé mo ti ṣe ohunkóhun láyé mi tó dá mi lójú tó kẹ̀kẹ́ yẹn. Ìwọ tó mọ bí ohun gbogbo kì í ti í dá mi lójú, wàá mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìyá mi ló ní a kò gbọdọ̀ gùn ún jáde láìṣe àdúà sí i. O mọ àṣà ilé wa: ìbáà ṣe mọ́tò, ìbáà ṣe máṣíìnì ìránṣọ, ohun tuntun kì í jáde kí Bàbá Alfa má gbọ́wọ́ lé e. A gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì sórí bọ́ọ̀sì lọ sí Pákátà ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan. Àdéhùn wa ni pé lẹ́yìn àdúà a ó jọ gùn ún bọ̀ wálé, ibi tó bá ti rẹ Raudah, a ó wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó tilẹ̀ wọ bàtà kánfáàsì tuntun nítorí ìrìn náà.

Bàbá Alfa jáde sí iwájú ilé pẹ̀lú àwọn àgbà. Ó na tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ dúdú, ó bèèrè ẹni tó ni ín. Mo ní tèmi ni. Ó nà án sí èkejì. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti dáhùn pé, “Ti ilé ni, Bàbá.” Ojú ló tì í. Kò lè dúró láàárín àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kó ní ti ìyàwó ọmọ òun ni. Mo rò pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò ó títí di òní.

Àdúà bẹ̀rẹ̀. O mọ bí àmín ti rí nílé wa, ẹnu ń ṣe é, ọkàn wà níbòmíràn. Ọkàn tèmi wà lára okùn búréèkì ẹ̀yìn, ó dà bíi pé ó ti tú díẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì. Bàbá Alfa ní kí Ọlọ́run fún ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ yìí ní ẹ̀mí gígùn. Àmín. Kí Ó bo àṣírí ilé yìí. Àmín. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ọwọ́ Abdulwaris. Àmín. Kí Ó san án ní ẹ̀san rere lórí kẹ̀kẹ́ tó fi ta ládánì wa lọ́rẹ, kí ìpè ìrun má baà pẹ́ mọ́ ní àdúgbò yìí. Àmín. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Tahir, ohùn tèmi ló ròkè jù.

Ládánì náà ni Muhammad Awwal, ọmọ Bàbá Alfa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe é ni. Kò sí ẹni tó bá mi sọ ọ́ rí pé ó nílò kẹ̀kẹ́. Ilé rẹ̀ àti mọ́ṣáláṣí, o mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sín nínú ọ̀kan, wọ́n á kí i kú ewu láti inú èkejì. Síbẹ̀, kí a tó fi ọwọ́ nu ojú tán, Awwal ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọlọ́sàn mú, àwọn àgbà sì ti ń kí mi pé ọmọ bàbá mi ni mí lóòótọ́. Ṣé kí n sọ̀rọ̀? Iwájú àgbà, lórí àdúà, kí ọwọ́ tó kúrò lójú? Mo wo ibi tí àwọn obìnrin dúró sí. N kò lè wo ojú Raudah, bàtà kánfáàsì yẹn ni mo ń wò.

A wọ bọ́ọ̀sì padà, kẹ̀kẹ́ dúdú nìkan lórí rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ni ó tó sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ó ní, “Bàbá Nusaybah, mo gbọ́ àmín yín yàtọ̀ sí ti gbogbo wọn.”

Mo padà lọ bá Bàbá Alfa lémi nìkan. Wọ́n gbé omi fún mi, ó bi mí léèrè ilé, ó bi mí léèrè iṣẹ́, ó fi sùúrù gbọ́ mi, sùúrù yẹn gan-an ló ń kó mi nírìíra nígbàkúùgbà tí mo bá rántí. Ó ní kò dára kí obìnrin Mùsùlùmí ya ẹsẹ̀ lórí irin láàárín ìgboro. Mo ní ó ń ya ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn ọlọ́kadà tí kò mọ̀ rí. Ó ní ìyẹn ti di bùkátà, ayé ti gbà á. Mo rán an létí sàdáàkì. Ó ní yìgì tí òun ti so láyé pọ̀ ju irun orí mi lọ, òun kò lè máa rántí ohun tí oníkálukú gbà. Ó wá ní ohun tí a bá ti fi tọrẹ, tí a ti ṣe àdúà sí, bí mo bá fẹ́ gbà á padà, kí n rántí ọ̀rọ̀ ajá tí wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú, èyí tó bì tán tó padà lọ lá a.

Ṣé ó gbàgbé lóòótọ́? Ọkùnrin tó ń ka Kùránì láìwòwé, tó lè ka orúkọ àwọn baba ńlá gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ni kò rántí kẹ̀kẹ́ tó pa á lẹ́rìn-ín débi omijé? Àbí ó rántí, tó sì rò pé òun ń gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú? Mo ti yí i síwá sẹ́yìn, n kò mọ èwo ló burú jù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ àgbà náà ló wọ́ ọ ńkọ́? Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi tán, mo dúpẹ́, mo dìde. Mo dúpẹ́ o, Tahir. Ìríra àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi fúnra mi ni mo sì kó ara mi nírìíra.

Èkejì wà ní ọjà Ìpàtà. Mo lọ ra iṣu níbẹ̀, mo sì pàdé Awwal láàárín àwọn àjàgbé. N kò kọ́kọ́ mọ kẹ̀kẹ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ṣe ẹlẹ́yà pé kẹ̀kẹ́ obìnrin ló ń gùn, ló bá gbé e lọ bá ajórin kan nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà pé kó jó irin gbọọrọ mọ́ ọn lókè. Wọ́n ti yọ agolo tí mo fi bo ṣéènì dànù. Wọ́n ti gé àwọ̀n Raudah, ìdí okùn rẹ̀ ṣì so rọ̀ níbẹ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà dúdú lé àwọ̀ ọsàn, kò bò ó, ó kàn sọ ọ́ di ohun tó jọ ọsàn tó jẹrà. Iṣu ni wọ́n dì sórí pẹpẹ tí mo fi téèpù wọ̀n fún kúlà abẹ́rẹ́.

Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mo ti sọ ọ́ di kẹ̀kẹ́ gidi.” Ó gùn ún kí n lè rí i. Kò tíì kọjá ibi tí obìnrin alágbàdo pàtẹ sí tí ojú ibi tí wọ́n jó irin tuntun náà mọ́ fi já. Kẹ̀kẹ́ ṣẹ́ po bí aláǹgbá tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣu fọ́nká, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan gun ọ̀kan kọjá. Mo sáré lọ gbé Awwal dìde. Kò fara pa. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó ní, “Irin yín kò lágbára, ẹ̀gbọ́n.”

Mo bá a ṣa iṣu. Rò ó wò ná. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Ìpàtà, mo ń bá a ṣa iṣu rẹ̀.

Mo sọ fún Raudah nígbà tí mo délé. Mo ní kó má banú jẹ́, mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa báyìí, èyí tí màá ṣe fún un yóò dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń ka ìgò abẹ́rẹ́ sínú kúlà, kò gbójú sókè. Ó ní òun kò fẹ́ òmíràn. Mo ní tó bá jẹ́ tìtorí irin bàbá Tahir ni, màá wá irin tó dára tó o. Ìgbà yẹn ló wá wò mí.

“Ẹ lè ṣe ogún. Èyí tí ẹ fi àmín gbé fún wọn ni sàdáàkì mi. Ibi tí ẹ ti ṣe àmín náà ni kí ẹ ti gbà á wá, kí àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ náà gbọ́.”

Ó gun ọ̀kadà lọ lọ́jọ́ kejì àti ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo ní kó jẹ́ kí n máa fi kẹ̀kẹ́ dúdú gbé e, ó ní rárá, ẹ ṣeun. Ó ń délé, ó ń gba balùwẹ̀ lọ. Mo ń jókòó síwájú oúnjẹ, mo ń gbọ́ bí omi ti ń dà, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tí mo kà nínú gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ yẹn tó lè bá mi dáhùn. Nígbà tí mo so yìgì, mo gbà láti fún un ní nǹkan kan péré. Mo ṣe é, mo kùn ún, mo sì fi ẹnu ara mi fún ẹlòmíràn. Irú ọkọ wo nìyẹn?

Ní Jímọ̀ọ̀ kan ní ìparí oṣù tó kọjá, mo ní kí Raudah jẹ́ kí a jọ lọ sí Pákátà. Kò bèèrè ìdí. Lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà jókòó síwájú ilé bí ìṣe wọn, Bàbá Alfa ṣe àdúà ìparí, gbogbo wọn ṣe àmín. Mo dákẹ́ títí wọ́n fi nu ojú. Mo wá dọ̀bálẹ̀, mo dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà, mo ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Àmín tí mo ṣe níbí lórí kẹ̀kẹ́ ọlọ́sàn, mo gbà á padà. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tèmi tí mo fi lè ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Sàdáàkì Raudah ni. Ẹ̀yin lẹ so yìgì náà.”

Ìwọ náà mọ̀ pé sàdáàkì, ti obìnrin ni, ọkọ pàápàá kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fi ṣe wàásí fún wa. O lè rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n máa sọ. Rárá o. Àfáà Bẹ̀llò, ọ̀rẹ́ Bàbá Alfa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí kí èèyàn gba àmín padà. Ẹlòmíràn ní ẹyin ni ọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó mọ́. Ẹlòmíràn ní ó lè ṣeé ṣe bí ẹni náà bá ń tòògbé nígbà tó ṣe é. Wọ́n bi mí bóyá mo ń tòògbé. Wọ́n jókòó síbẹ̀, Tahir, àwọn tó tọ́ mi ní kéú, wọ́n ń pín àmín yẹn wẹ́wẹ́ bí ẹran iléyá, kò sì sí ẹni tó dárúkọ Raudah lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Alfa gbọ́ wọn tán, ó mi orí, ó ní ìwé tí mo ń kà ló ń dà mí láàmú.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Hàlímọ̀tù, ló dá a lóhùn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò gbé ohùn sókè.

“Bàbá Alfa, èmi ni ìyàwó rán jáde sí yín lọ́jọ́ yìgì yẹn. Èmi ni mo wá sọ fún yín pé kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ní kí n bu omi wá.”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọlé lọ, a gbọ́ ohun tí ń fà gbírígbírí lọ́dẹ̀dẹ̀, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde. Láti ọjọ́ Ìpàtà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ni wọ́n jù ú sí. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ti gan mọ́ ṣéènì. Àwọn ewúrẹ́ ti jẹ lára awọ ìjókòó. Ìyá Hàlímọ̀tù fi etí ìborùn rẹ̀ nu ìjókòó náà lójú gbogbo wọn, ó nù ún dáadáa, ó wá fi ojú pe Raudah.

Bàbá Alfa yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé mo ní kí wọ́n má gbé e lọ ni? Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ tó ti kán ṣe?” Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Mo ti retí ìbínú, n kò retí ẹ̀rín yẹn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Raudah kúnlẹ̀ kí wọn, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Hàlímọ̀tù pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ bá a gbé kẹ̀kẹ́, kò jẹ́. Ó gbé apá iwájú lé èjìká, ó ń wọ́ ti ẹ̀yìn, ó sì gba àárín àdúgbò kọjá títí dé títì, híjáàbù rẹ̀ kún fún ìdọ̀tí ewúrẹ́. Èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń kí wa, ó ń dáhùn.

Nígbà tí a délé, ayùn irin ló kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní kí n di kẹ̀kẹ́ náà mú, òun fúnra rẹ̀ ló gé irin Awwal kúrò, ó pẹ́, apá ń ro ó, kò gbé e fún mi. Ó jù ú sórí ààtàn. Ó fi ọṣẹ fọ ìyókù, ó fi yanrìn ha ọ̀dà dúdú títí àwọ̀ ọsàn fi yọ. Kí ọkàn rẹ balẹ̀ lórí ti bàbá rẹ: irin tirẹ̀ kò kán. Ibi tí wọ́n fi irin àlejò jó mọ́ ọn ló já. Mo jó o padà bó ti wà tẹ́lẹ̀, Raudah sì hun àwọ̀n mìíràn.

Ó ti ń gùn ún lọ sí abà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wà ní iwájú ilé nígbà tó dé. Ó gbé e ti ògiri, ó sọ kúlà kalẹ̀, ó wọlé, ó jókòó tì mí pẹ̀lú eruku ọ̀nà lójú, ó sì bu òkèlè. Kò kọ́kọ́ wẹ̀. Mo ń ti ọbẹ̀ sún mọ́ ọn.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ìtàn náà á dùn. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í gbé fóònù mi mọ́. Ó ní mo bọ́ aṣọ lára àgbà ní gbangba, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. N kò tíì lọ. N kò mọ̀ bóyá màá lọ. Awwal ṣì ni ládánì, wọ́n ní ìpè ìrun ṣì ń pẹ́.

Ohun kan wá kù tí n kò mọ bí mo ṣe lè ṣe é. Láàárọ̀ yìí, a lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan níbí. Alfa ń ṣe àdúà, gbogbo èèyàn ń ṣe àmín. Ẹnu mi kò gbà á mọ́ bí tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n tọrọ tán, kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó dára ni, bóyá ti ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ ni. Nígbà tí mo bá fi máa ṣe tèmi, àwọn tó kù ti parí. Ó wá ń dá dún lẹ́yìn gbogbo wọn, àwọn èèyàn ń yíjú padà wò mí. Raudah wà lápá ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ àmín kan tó pẹ́ bíi tèmi láti ọ̀hún.

Bá mi kí Aishah, kó o ní Raudah ní tí ọwọ́ náà bá ti gbà á, òun á kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́. Bá mi kí Màmá dáadáa, má sọ ti ewúrẹ́ fún wọn. Nusaybah ń kí àbíkẹ́yìn yín, òun àti ewúrẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí ààyè, kọ̀wé sí mi, kó o sì sọ òtítọ́ fún mi bóyá mo jẹ̀bi àgbà.

Èmi ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán,

Abdulwaris.